Ọjọ́ tí “Ẹ” Bá Di “Ìwọ”: Ohun tí Mo Mọ̀ Nípa Ìjà Tọkọtaya

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ká máa bá tọkọtaya parí ìjà á ti mọ̀ pé kì í ṣe ariwo ni àmì àkọ́kọ́. Obìnrin tó ti ń fi “ẹ” bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó, tó ṣàdédé ní “Kí lo sọ?”, ìjà ti wọlé nìyẹn, bó tiẹ̀ rọra sọ ọ́. Ọkùnrin tó ń pe ìyàwó ẹ̀ ní Àdùkẹ́ láàárọ̀, tó wá di alẹ́ tó ní “Ẹ ṣeun o, màdámù,” kò bọ̀wọ̀ fún un. Abẹ́rẹ́ ló fi sínú àkàrà fún un jẹ. Nínú ilé tí àwọn méjèèjì ti ń pe ara wọn ní “ìwọ” látilẹ̀, orúkọ ni kí ẹ máa ṣọ́: ọjọ́ tí “olólùfẹ́” bá padà di orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí, ẹ fura.

Mo fẹ́ràn àmì yìí nítorí pé ó máa ń ṣáájú ariwo. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ara ẹ̀ ṣì lè dá ẹsẹ̀ dúró.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. John Gottman, tó ṣèwádìí lórí tọkọtaya fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Washington ní Seattle, àti ẹnì kejì ẹ̀ kan gbé iṣẹ́ kan jáde ní 1999. Tọkọtaya tuntun 124 ni wọ́n wò, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún 6. Ìṣẹ́jú 3 àkọ́kọ́ nínú àríyànjiyàn wọn ti tó láti fi fòye mọ àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Àwọn àgbà wa tó ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó, kò nílò ọdún 6.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan, ká tú u wò. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó ti lo wákàtí méjì nínú gosiló. Ìyàwó ní: “Ṣebí mo sọ fún yín pé gáàsì ti tán?”

“Ṣebí” yẹn ni kí ẹ wò dáadáa. Kò béèrè nǹkan kan. Ẹlẹ́rìí ló ń pè. Ohun tó ń sọ ni pé, ẹ mọ̀, ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ pa á tì. Ẹni tí wọ́n bá fi “ṣebí” kí káàbọ̀ kò ní ohun méjì láti ṣe ju kó jẹ̀bi tàbí kó gbèjà ara ẹ̀, gbígbèjà ara ẹni ló sì yá lẹ́nu jù. “Kí ló dé tí ẹ kì í…” àti “Ṣé ẹ ò tiẹ̀ rí i ni?” náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni “gbogbo ìgbà”. Bí o bá ní gbogbo ìgbà, ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kejì máa wá jáde, ẹ ó sì fi wákàtí kan jiyàn lórí ọjọ́ yẹn, nígbà tí gáàsì kò tíì délé.

Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: ohun tí ojú rí, ohun tó ṣe sí mi, ohun tí mo fẹ́. “Gáàsì tán lánàá. Sítóòfù ni mo fi se oúnjẹ àwọn ọmọ láàárọ̀, èéfín ẹ̀ sì dà mí láàmú púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gbé sìlíńdà náà dání tí ẹ bá ń jáde lọ́la?” Gbólóhùn àkọ́kọ́ ní ọjọ́ nínú. Ìkejì sọ ìnira láì fi orúkọ ẹnikẹ́ni kún un. Ìkẹta béèrè ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ lè ṣe, ó sì ní àkókò. “Mo fẹ́ kí ẹ máa kà mí sí” kì í ṣe ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Kò sí ọkùnrin tó mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ èyí lọ́la ní aago méje àárọ̀.

Èdè wa tiẹ̀ ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí. Yorùbá máa ń ní “ó dùn mí”, “ó ká mi lára”: ọ̀rọ̀ náà ló dùn mí, kì í ṣe ìwọ. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé àwọn èèyàn á kọ́ ọ sórí, wọ́n á wá fi èébú sínú ẹ̀: “Ó dùn mí pé ọ̀lẹ ni yín.” Ọ̀lẹ kì í ṣe ohun tí ojú rí. Bí mo ṣe ń dán an wò ni pé, bí kámẹ́rà bá wà nínú yàrá, ṣé á ká a sílẹ̀? Kámẹ́rà lè ká sìlíńdà tó ṣófo. Kò lè ká ọ̀lẹ, ìmọtara-ẹni-nìkan, tàbí “ẹ ti jọ bàbá yín”. Ohun tí kámẹ́rà kò bá lè ká, yọ ọ́ kúrò kí o tó la ẹnu.

Tí gbólóhùn bá sì ti ju mẹ́ta lọ, ìtàn ló kàn. Láti orí gáàsì, ẹ ó dé ibi ìkómọjáde ọdún kejì sẹ́yìn níbi tí ìyá ọkọ ti sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ìjókòó kan, ọ̀ràn kan. Ti ìkómọjáde náà lè jẹ́ òótọ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ náà ní iṣẹ́. Èsì tó ń dáná sun ilé ni “Ìwọ náà ńkọ́?” Èyí tó ń pa iná ni kó kọ́kọ́ tún ohun tó gbọ́ sọ: “Ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni pé èéfín sítóòfù ló yọ yín lẹ́nu, pé kí n gbé sìlíńdà lọ́la?” Ó dà bí eré ọmọdé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo ti rí, bí ẹnì kan bá tún ọ̀rọ̀ ẹnì kejì sọ, lọ́pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ni ọ̀rọ̀ máa ń ní “Rárá o, kì í ṣe èéfín gan-an…”, ibẹ̀ ni òótọ́ ti ń jáde. “Mo ti gbọ́” nìkan kò tó. Lẹ́nu Yorùbá tó ń bínú, “mo ti gbọ́” ni ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni “kò burú”. Ìyàwó tó bá ní “kò burú” lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra wọn, ó ti burú.

Ṣé ó yẹ kí obìnrin yẹn tiẹ̀ sọ̀rọ̀ gáàsì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́? Kò yẹ. Kí ọkùnrin wẹ̀, kó jẹun. Ebi àti gosiló kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin kan ti sọ “jẹ́ kí n jẹun ná” di ọ̀nà àtisá: wọ́n á jẹun, wọ́n á tan bọ́ọ̀lù, wọ́n á sùn. Nítorí náà, aago ni kí ẹ dá, kì í ṣe “tó bá yá”.

Aago yìí náà ló ń gba èèyàn là nígbà tí ara bá ti gbóná. Ìjà kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ara ló ń jà. Bí ọkàn bá ti ń lù ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan lórí ìjókòó, etí á máa gbọ́ ṣùgbọ́n ọpọlọ kò ní gbà á wọlé. Ẹ lè kà á fúnra yín: ìka méjì sórí ọrùn ọwọ́, lápá ọ̀dọ̀ àtàǹpàkò, ka ìlùkìkì fún ìṣẹ́jú àáyá 15, sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́rin. Tó bá jẹ́ 25, ọgọ́rùn-ún ti pé. Ẹ dáwọ́ dúró. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 20 ni ara ń gbà kó tó rọlẹ̀.

Bí a ṣe ń dáwọ́ dúró ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹni tó bá dìde, tó ṣílẹ̀kùn, tó jáde láì sọ̀rọ̀, àbùkù ló fi kan ẹnì kejì. Ó fi í sílẹ̀ lórí ìdúró bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ohun tó yẹ kó sọ rèé: “Orí mi ti gbóná. Ẹ jẹ́ kí n rìn dé ìta. Tó bá di aago mẹ́wàá, a ó parí ẹ̀.” Aago mẹ́wàá yẹn ló ń jẹ́ kí ẹni tó kù nílé lè mí. Ẹni tó bá sì ní ká dúró ló gbọ́dọ̀ padà wá ṣí ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá padà wá lẹ́ẹ̀mejì péré, ìgbà kẹta wọn ò ní jẹ́ kó jáde. Wọ́n á dènà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ìṣẹ́jú 20 yẹn, fọ abọ́, gbálẹ̀, rìn. Má ṣe pe ọ̀rẹ́, má sì ṣe jókòó máa ṣètò èsì tó máa gún un dáadáa, nítorí pé bí o ṣe ń ṣètò ẹ̀ ni ọkàn ń sáré sí i.

Málíìsì yàtọ̀ sí ìsinmi. Nílé Yorùbá, ọ̀nà méjì ni odì máa ń gbà wọlé: ìkíni àti oúnjẹ. Ọjọ́ tí “ẹ káàárọ̀” bá dáwọ́ dúró, ọ̀ràn ti kúrò lórí ohun tó fà á. Ó ti di ọ̀ràn ìkíni. Ọkùnrin tó bá ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní òun ti jẹun níta, ohun tó sọ ju ẹgbàá ọ̀rọ̀ lọ, obìnrin náà kò sì ní gbàgbé. Tèmi ni pé kí tọkọtaya ti bá ara wọn ṣàdéhùn nígbà tí kò sí ìjà rárá: bó ti wù kó rí, a ó kí ara wa, ẹni tó bá se oúnjẹ, a ó jẹ ẹ́, a kò sì ní fi ọmọ jíṣẹ́. “Lọ sọ fún bàbá ẹ pé…” nígbà tí bàbá náà jókòó síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà kì í ṣe akọ̀wé kóòtù.

Owó ni ìjà tó máa ń padà wá jù. “Owó oúnjẹ kò tó” kì í ṣe ìròyìn, ẹ̀dùn ọkàn ni, ọkọ á sì gbọ́ ọ bíi “o kì í ṣe ọkùnrin”. Ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò ẹ̀. Ká ní ₦60,000 ló wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù, tó sì ku ₦4,000 ní ọjọ́ 19. Ìyẹn ni ọwọ́ lè tọ́ka sí. Ẹ lo ìwé kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ọjọ́, ohun tí a rà, òṣùwọ̀n, iye. Ẹ kọ òṣùwọ̀n o, nítorí pé kóńgò ìrẹsì ọlọ́jà kan kì í bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, ìyàtọ̀ yẹn ló sì máa ń fa “ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ná tó báyìí”. Kí àwọn méjèèjì kọ tiwọn: èsúsú, owó tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń yọ lára owó oṣù, owó tó ń lọ sọ́dọ̀ òbí lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí ìwé yìí ti máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ẹnì kan bá sọ ara ẹ̀ di ọ̀dítọ̀. Ẹ dá iye kan, bíi ₦5,000, tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ààbọ̀ wákàtí, lọ́jọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọwọ́ tó ṣófo kì í rò dáadáa.

Àwọn ìjà kan sì wà tí kò ní tán. Gottman yẹn kan náà ṣírò ẹ̀ sí nǹkan bí 69 nínú ohun 100 tí tọkọtaya ń jà lé lórí. Ẹnì kan ń tọ́jú owó, ẹnì kejì ń ná an. Ẹnì kan fẹ́ kí ilé kún fún ẹbí, ẹnì kejì fẹ́ dákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ń wá ọjọ́ tí èyí máa parí, á rẹ̀ ẹ́. Àdéhùn kékeré ni kí ẹ máa ṣe lórí ẹ̀, kí ẹ sì máa tún un ṣe: àlejò lè sùn ọjọ́ mẹ́ta, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ká kọ́kọ́ jọ sọ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti fóònù. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì ohùn sórí Yorùbá tí a ń tẹ̀, ó sì ti dá ilé rú. Ọ̀rẹ́ ìyàwó tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp: “Se o ti lo?” Ohun tó ní lọ́kàn ni “Ṣé o ti lọ?”, ìyẹn, ṣé o ti lọ sọ́jà tá a jọ sọ. Ọkọ gbójú sí i, ó kà á sí “Ṣé ó ti lọ?” Ta ló ti lọ? Ta ni wọ́n ń retí kó lọ? Lẹ́tà kan náà ni, ohùn kan ló yàtọ̀, àna ọkọ sì ti ń bọ̀ wá parí ìjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni “mo ro pe o wa nile”. Nítorí náà, ohun tó bá ti gba ìbínú, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ pe ara yín. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, WhatsApp fún yín ní ìṣẹ́jú 15 láti tún un kọ. Pípa á rẹ́ kò mọ́gbọ́n dání púpọ̀, nítorí pé ó máa ń fi àmì sílẹ̀ pé wọ́n pa nǹkan kan rẹ́, ohun tí ẹnì kejì bá fọkàn rò pé ó wà níbẹ̀ sì máa ń burú ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Fọ́ìsì nóòtì tó gùn náà, ẹ ṣọ́ra fún un: ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí kò lè dá yín lẹ́kun, ó sì lè fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀.

Fún àwọn tí ẹnì kan wà ní ìlú òyìnbó: aago ṣe pàtàkì. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago London àti ti Èkó dọ́gba. Nígbà òtútù, Èkó ń fi wákàtí kan ṣáájú. Houston ń tẹ̀lé Èkó lẹ́yìn pẹ̀lú wákàtí 6 tàbí 7. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru wákàtí 12 kò lè jà dáadáa, kò sì lè bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Àmì búlúù láì sí èsì lè jẹ́ oorun lásán.

Ẹni kẹta ńkọ́? Láyé àtijọ́, alárinà ni. Lóòótọ́, bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀bá, ṣùgbọ́n kì í yẹ̀ jìnnà. Lónìí, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo kí ìjà tó dé, ẹni tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí, tó lè sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé “ìwọ lo jẹ̀bi”. Kó gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì lójú ara wọn. Ìyá ẹni kọ́ ni ẹni yẹn, bó ti wù kó gbọ́n tó. Ìyá máa ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìjà, kì í gbọ́ ìparí ẹ̀. Ẹ̀yin á ti làjà lórí ibùsùn, òun á ṣì máa fajú ro sí àna ẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ìjà ẹnu ni mo ń sọ. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń lu ẹnì kejì, tàbí tó ń halẹ̀, tó ń gba fóònù àti owó lọ́wọ́ ẹ̀, kò sí gbólóhùn mẹ́ta tó máa tún un ṣe, kò sì sí àgbà tó yẹ kó ní kó padà lọ máa fara dà á. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin lórí ìwà ipá nínú ilé láti 2007, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìwà ipá sí èèyàn sì jáde ní 2015. Ibi tí ara á ti dè é ni kó kọ́kọ́ lọ.

Ó ku ẹ̀bẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti rí àṣìṣe jù. “Ẹ má bínú” dùn lẹ́tí, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí i: ìbínú ẹnì kejì ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Èèyàn lè fi “ẹ má bínú” bẹ̀bẹ̀ fún ogún ọdún láì tíì gbà pé òun ṣe nǹkan kan. “Ẹ má bínú tó bá dùn yín” tiẹ̀ burú jù. “Tó bá” yẹn ti gba ẹ̀bẹ̀ padà. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ṣe kẹ́yìn “ẹ má bínú”: “Ẹ má bínú. Ẹ sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pé gáàsì ti fẹ́ tán, mo gbàgbé, èéfín wá dà yín láàmú. Ẹ̀bi mi ni.” Lẹ́yìn ìyẹn ni oríkì lè tẹ̀ lé e. Bí Àdùkẹ́ bá ṣáájú ẹ̀bi, ẹ̀tàn ló máa ń jọ. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ náà, ẹ̀yìn ẹ̀bi ni ipò wọn.

Ẹni tí wọ́n bẹ̀ kò jẹ yín ní ẹ̀rín lójú ẹsẹ̀. Bó bá ní “Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la,” ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ṣùgbọ́n kí sìlíńdà yẹn ti wà nínú bùùtù ọkọ̀ kó tó jí.